Aago Ọ̀gá: Bí Mo Ṣe Lọ Mú Àjọkẹ́ Bọ̀ Láti Ìsẹ̀-Èkìtì

Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, láti ìgbà tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí bí ilẹ̀ Èkìtì ṣe rí, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́ fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá pàdé mi létí omi, mo sọ fún un. Ẹni tó bá dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn, mo tún un sọ. Bí mo sì ti ń tún un sọ ni òkè inú ìtàn náà ń ga sí i, tí èmi náà sì ń láyà sí i. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ara mi tí mo ń sọ fún onífọ́tò kan pé mo sáré gun àpáta, mo mọ̀ pé ó tó àsìkò kí n jókòó kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì kà á dénú. Ẹ bá mi fojú fo èyí tí kò bá tọ́.

Ohun tó gbé mi lọ kò fara sin. Àjọkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, fẹ́ ọmọ Ìsẹ̀-Èkìtì. Ọkọ náà kú, a sì ṣe gbogbo ohun tó yẹ, ṣùgbọ́n Àjọkẹ́ àti ọmọ rẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń yan gàrí tà. Lọ́jọ́ kan ló pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ó ń sunkún. Ó ní àwọn oníbàárà ń já òun kulẹ̀, òun kò sì mọ̀ bóyá òun lè ṣe é mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi pè mí sábẹ́ igi àgbọn rẹ̀, ó ní kí n lọ mú ọmọ wa wálé.

Mo bi í pé kí ló dé tí òun kò fi lọ. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Mo ní ẹsẹ̀ ń dun èmi náà. Ó ní, "Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹnu rẹ dára níwájú àna."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn sọ́kàn.

Ẹ kúkú mọ̀ mí. Orí yanrìn ni wọ́n bí mi sí. Ní gbogbo ìlú wa, kò sí ohun tó ga ju igi àgbọn lọ, bí àgbọn bá sì fẹ́ já lu èèyàn lórí, ẹni náà ti mọ ibi tí kò yẹ kó dúró sí. Òkun ń bú, ó ń hó, ẹ̀rù rẹ̀ kì í bà mí. Ṣùgbọ́n òkúta tó dúró tí kò sọ nǹkan kan? Ọkùnrin kan tó ti dé Ìkẹ́rẹ́ rí sọ fún mi pé bí èèyàn bá gbójú sókè wo àpáta ibẹ̀, fìlà á jábọ́. Mo ní kò burú, n kò ní dé fìlà.

Ìkẹ́rẹ́

Mo ti rò pé àpáta náà á jìnnà sí ìlú, pé èèyàn á kàn máa wò ó lókèèrè. Àárín ìlú ló wà. Bí a ti wọ Ìkẹ́rẹ́ báyìí ni mo rí i lẹ́yìn àwọn ilé, ó dúdú, ó fẹ̀, ó dúró bí ẹni tó ń yọjú wo ohun tó wà nínú àwo oúnjẹ ẹni. Àwọn èèyàn sá aṣọ sábẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan ń din àkàrà níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i pátápátá. Èmi kò lè kẹ̀yìn sí i. Nígbà tí mo fẹ́ lọ ra omi, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi rìn bí akàn.

Mo bi awakọ̀ tó fẹ́ gbé wa lọ sí Ìsẹ̀ bóyá òkè náà ti ṣubú rí. Ó wò mí, ó wo òkè, ó tún wò mí. Ó ní, "Bàbá, òkè yìí ti wà níbẹ̀ kí bàbá bàbá mi tó dé. Àwa là ń ṣubú, òun kì í ṣubú." Ó fa ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ kí n lè wọlé, ọwọ́ ilẹ̀kùn sì já sí i lọ́wọ́. Ó fi í sápò bí ẹni tó ti mọ́ lára.

Obìnrin kan tó jọ tíṣà wọlé tẹ̀ lé mi. Kò mọ̀ mí rí. Ó kí mi, ó bi mí pé ọmọ ibo ni mí, kí n sì tó dáhùn tán, ó ti kó àwọn iṣu ńláńlá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lé mi nítan, nítorí pé kò sí àyè nílẹ̀ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ó sùn lé mi léjìká. Mo jókòó bí ìyá ìkókó, mo ń di iṣu oníṣu mú ní gbogbo kọ́nà. Nígbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó yọ èyí tó dára jù nínú wọn, ó fi sílẹ̀ lórí itan mi. Mo ní rárá. Ó ní ẹni tó bá báni gbọ́mọ yẹ kó jẹ nínú oúnjẹ ìkómọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi tí mo ti ń bẹ̀rù ìlú onílùú láti ilé, iṣu ni wọ́n fi kí mi káàbọ̀. Ojú tì mí díẹ̀.

Ulé

Wọ́n ń pe ilé ní ulé níbẹ̀, wọ́n ń pe iṣu ní uṣu, ẹ óò sì rò pé ẹ ti gbọ́ èdè wọn tán títí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà náà, ẹ kàn máa rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín púpọ̀ ní Ìsẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan mo rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ròyìn bí ewúrẹ́ rẹ̀ ṣe kú.

Àjọkẹ́ kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rù díẹ̀, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ti le bí apá atukọ̀. Àwọn ará àdúgbò ń wọlé wá kí mi bí ẹni pé èmi ni mo tẹ ìlú náà dó. Olúkúlùkù bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun. Kò sí ẹni tó gbà mí gbọ́.

Wọ́n fi mí sí yàrá kan kí n sinmi. Kò pẹ́ tí mo dùbúlẹ̀ tí mo fi gbọ́ ọ: gbì, gbì, gbì. Ilẹ̀ ń mì. Mo ní ó ti dé, àpáta Ìkẹ́rẹ́ ti bọ́, ó ti ń yí bọ̀. Mo fò dìde, mo sá jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, mo ń pe Àjọkẹ́ pé kó gbé ọmọ. Nínú àgbàlá, Àjọkẹ́ àti obìnrin àgbà kan dúró ti odó, wọ́n gbé ọmọ odó dúró sókè, wọ́n ń wò mí. Iyán ni wọ́n ń gún. Iṣu tíṣà yẹn ni.

Obìnrin àgbà náà ni Ìyá Èmùrè. Èmùrè ni wọ́n ti bí i, ilé ọkọ ló gbé e dé Ìsẹ̀, òun sì ni olórí àwọn obìnrin tí Àjọkẹ́ ń bá ṣe gàrí. Ó wo ẹsẹ̀ mi tó wọ bàtà, ó wo èyí tí kò wọ̀. Ó wá bi Àjọkẹ́ bóyá bí gbogbo ọkùnrin ìdílé wọn ṣe ń sáré sí oúnjẹ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ iyán náà díẹ̀. Ní ilé tiwa, bí ẹnì kan bá gúnyán, a ó béèrè ayẹyẹ tí wọ́n ń ṣe. Níbẹ̀, wọ́n ń gún un bí ẹni ń mí. Ó funfun, ó rọ̀, kò ní kókó kan ṣoṣo tí èèyàn lè tìtorí rẹ̀ sọ pé òun ti yó. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgbín wà nínú ọbẹ̀. Mo fi ìka wá ẹja nínú àwo náà títí, bí ẹni pé ó sọnù ni. Ìyá Èmùrè rí mi. Ó ní ẹja wà o, ó wà ní Àgbádárìgì.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni mo jíṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Àjọkẹ́ tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ní òun náà ti ń rò ó. Ó wá sọ fún mi nípa obìnrin kan ní Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Bísí. Ìlú òyìnbó ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ó wá padà sí ìlú bàbá rẹ̀ láti ṣí ilé ìtajà. Ó ń di oúnjẹ ilẹ̀ wa sínú ọ̀rá tó mọ́, ó ń fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ó ń wá ẹni tí yóò máa yan gàrí fún òun nígbà gbogbo, ó sì ti ṣèlérí pé òun ń bọ̀ wá wo ti Àjọkẹ́ lọ́sẹ̀ náà.

"Bó bá gbà á, ẹ jẹ́ kí n dúró, Bàbá Kékeré. Bí kò bá gbà á, màá di ẹrù mi, màá tẹ̀ lé yín."

Mo gbà. N kò ní purọ́ fún yín, mo ti ń wo ẹrù rẹ̀, mo ń ro bí yóò ṣe wọ inú ọkọ̀.

Abà gàrí

Ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí wà lẹ́yìn ìlú, ọ̀nà rẹ̀ sì gba orí òkúta pẹrẹsẹ kan tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́. Àwọn obìnrin ru igi ìdáná sórí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n kọjá lára mi. Èmi jókòó, mo fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Èmùrè dúró dè mí nísàlẹ̀. Ó ní kí n má ṣe ìyọnu, ojú ni òun kọ́kọ́ rò pé kò jẹ́ kí n rìn, òun kò mọ̀ pé àyà ni.

Àáró ni wọ́n ń ṣe. Ẹ mọ àáró: lónìí gbogbo wa ṣiṣẹ́ fún ọ, lọ́jọ́ mìíràn gbogbo wa ṣiṣẹ́ fún mi. Àwọn bàbá wa fi ń kọ ebè. Àwọn obìnrin yìí ń fi ṣe gàrí, láti bíbó ẹ̀gẹ́ títí dé yíyan rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú tiwọn tí n kò rí níbòmíràn rí. Ẹni tí iṣẹ́ bá kàn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Òun ni ọ̀gá. Wọ́n á so aago ọwọ́ kan mọ́ ọn lọ́wọ́, aago àtijọ́ kan tó ti kú, tí ọmú tí wọ́n fi ń yí i kò yí mọ́. Ẹni tí aago bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń pàṣẹ títí òòrùn yóò fi wọ̀, ìbáà jẹ́ òun ló kéré jù nínú wọn. Ìyá Èmùrè pàápàá, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá" ló gbọ́dọ̀ sọ. Bí ọ̀gá bá sì bẹ̀bẹ̀ dípò kó pàṣẹ, wọ́n á jókòó, iṣẹ́ á dúró.

Mo bi Ìyá Èmùrè pé irú eré wo nìyẹn. Ó ní kì í ṣe eré. Ó ní láti kékeré, obìnrin oko a máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ àṣẹ: àṣẹ ìyá, àṣẹ ọkọ, àṣẹ oníbàárà tó ń nàka sọ́jà. Bó bá wá di ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ní láti sọ pé "èyí ni mo fẹ́," ẹnu rẹ̀ á kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò gbààyè lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ti rí bẹ́ẹ̀ rí, títí tí ọjọ́ orí fi mú un kúrò lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n wá ronú pé kò yẹ kí ẹni tó kù dúró de ọjọ́ ogbó. "À ń yá ara wa ní ìgboyà ni," ló wí. "Ẹni tó bá ti pàṣẹ fún èmi, ta ló tún kù tó máa bà á lẹ́rù?"

Mo wò ó, mo sì gbà pé òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ yíyan gàrí Àjọkẹ́ ló bọ́ sí ọjọ́ tí Àǹtí Bísí ń bọ̀. Wọ́n so aago mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárọ̀. Àjọkẹ́ wúkọ́, ó fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin màmá, bí kò bá ni yín lára, ẹ bá mi finá sábẹ́ agbada." Gbogbo wọn jókòó. Ọ̀kan tú gèlè rẹ̀, ó ká a bí ìrọ̀rí. Ìyá Èmùrè na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó bi ẹni tó jókòó tì í bóyá ó gbọ́ kí ẹnì kan sọ nǹkan. Àjọkẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, ó tún fi "ẹ má bínú" sí i. Ẹni tó tú gèlè bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Mo rí i tí ojú Àjọkẹ́ fẹ́ pọ́n, mo sì fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n Ìyá Èmùrè wò mí ní ìwò kan báyìí, mo pa ẹnu mi dé. Àjọkẹ́ wá na ọwọ́ tí aago wà. "Iná," ló wí. "Ẹ finá sí i. Ẹ kó asẹ́ wá. Ìyá Èmùrè, ìdí agbada ni kí ẹ wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá," ni gbogbo wọn wí, wọ́n sì dìde bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé lórí.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, Àjọkẹ́ ti ń rìn kiri, ó ń wo aago tó ti kú, ó ń sọ pé àsìkò ń lọ. Òórùn gàrí gba gbogbo abà. Àkúfọ́ igbá ń ró nínú agbada, ṣáà, ṣáà. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá Kékeré, ẹ kúrò níbẹ̀ yẹn, ẹ ń dí atẹ́gùn." Mo ti dìde kúrò kí n tó rántí pé àbúrò bàbá rẹ̀ ni mí.

Ẹnu mi

Àǹtí Bísí dé ní ọ̀sán yẹn. Ọmọlúàbí ni, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó sì kí àwọn obìnrin. Yorùbá rẹ̀ yéni yékéyéké, ó kàn ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta tó ń yọ̀, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n gbé àga fún wa. Àjọkẹ́ lọ bu gàrí sínú àwo kó lè tọ́ ọ wò. Níbi tí a ti ń dúró, Àǹtí Bísí yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni bàbá rẹ̀. Báwo ni gàrí rẹ̀ ṣe rí?"

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ fi ara yín sí ipò mi. Orí ilẹ̀ àna ni mo jókòó sí. Ọmọ mi ni wọ́n ń béèrè. Kí ni wọ́n kọ́ wa láti sọ? Ọjọ́ tí a fa Àjọkẹ́ yìí kan náà lé wọn lọ́wọ́, èmi ni mo sọ pé kò mọ nǹkan kan ṣe, pé kí wọ́n bá wa kọ́ ọ, gbogbo wọn sì pariwo pé ká má sọ bẹ́ẹ̀, wúrà ni. Ẹ̀gbọ́n mi tìtorí ẹnu yìí rán mi níṣẹ́. Mo tún ara ṣe lórí àga, mo bẹ̀rẹ̀.

"Háà, ọmọ mi," mo wí, "ọmọdé ni Àjọkẹ́. Kò tíì mọ iṣẹ́ náà. Gàrí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dára, a kàn ń gbìyànjú ni. Ẹ sáà bá wa fọwọ́ ìfẹ́ gbà á."

Mo dúró kó sọ pé, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà."

Kò sọ ọ́. Ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ó dìde, ó di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo sọ òótọ́ fún òun, ó ní òun ti rìn ká, kò sí ẹni tó ti bá òun sòótọ́ báyìí rí. Ó kí gbogbo wọn, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Èdè wa wà lẹ́nu rẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá a dé ibi tí a ti ń pe wúrà ní bàbà níwájú àlejò.

Àjọkẹ́ jáde wá pẹ̀lú àwo gàrí lọ́wọ́, kò bá ẹnikẹ́ni lórí àga.

Ìyá Èmùrè wo àwo náà, ó wò mí, ó ní, "Bàbá Àgbádárìgì, ẹ kú iṣẹ́." Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ilé wa nìyẹn. Ó ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀ náà nìyẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi nu ojú rẹ̀. Ó ní òun náà ì bá sọ ohun kan náà bó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n bi. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Àjọkẹ́ náà kò rẹ́rìn-ín.

Ó ń tú aago náà kúrò lọ́wọ́. Ó ní, "Kò burú, Bàbá Kékeré. Ẹ jẹ́ ká lọ di ẹrù."

Ohun tí mo wá ṣe nìyẹn. Mo ti rí i gbà. Ẹ wò ó, n kò mọ ìdí tó fi korò lẹ́nu mi bẹ́ẹ̀.

Ó na aago náà sí Ìyá Èmùrè. Ìyá Èmùrè kò gbà á. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ojú ọ̀run, ó ní, "Òòrùn ò tíì wọ̀, ọ̀gá. Ọjọ́ ṣì jẹ́ tìrẹ. Àwa ń dúró de àṣẹ." Ó sì dúró lóòótọ́, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé. Gbogbo wọn dìde, wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àjọkẹ́ wo aago, ó wò wọ́n. Ó tún un so mọ́ ọwọ́.

"Ẹ máa yan èyí tó kù," ló wí. "Ẹ má jẹ́ kó jó. Bàbá Kékeré, ẹ gbé ike gàrí yẹn. À ń lọ sí Ìkẹ́rẹ́."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá." Kò sí ẹni tó kọ́ mi.

Ọ̀kadà

N kò gun ọ̀kadà rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ẹ̀yin náà mọ̀. Ọlọ́kadà jókòó síwájú, Àjọkẹ́ tẹ̀ lé e, èmi wà lẹ́yìn, ike gàrí wà láàárín èmi àti ikú. Mo di ojú. Bí mo bá là á díẹ̀, igi kòkó ń sáré kọjá, màá tún un dì. Mo kọ orin ìsìn. Ọlọ́kadà ní kí bàbá jọ̀ọ́ rẹ ohùn sílẹ̀, òun fẹ́ gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí mo máa lajú dáadáa, àpáta Ìkẹ́rẹ́ ló wà níwájú mi, inú mi sì dùn láti rí i, nítorí pé kò rìn.

Ilé ìtajà Àǹtí Bísí wà ní ibi tí òjìji àpáta náà ń dé bí ọjọ́ bá rọ̀. Ó yà á lẹ́nu láti rí wa. Mo gbé ike sílẹ̀, mo la ẹnu láti tọrọ àforíjì, mo ti tò ó sínú láti Ìsẹ̀, ó gùn, ó sì dùn.

Àjọkẹ́ ní, "Bàbá Kékeré, ẹ jókòó."

Mo jókòó.

Ó dúró síwájú obìnrin náà. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ kò tọ́ gàrí mi wò kí ẹ tó lọ. Bàbá mi ni wọ́n, wọn kò sì parọ́ fún yín. Ní ilẹ̀ wa, a kì í yin ọmọ wa lójú àlejò. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ jù ló máa ń sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n níwájú gàrí náà, èmi kì í ṣe ọmọ, èmi ni ọ̀gá rẹ̀. Mo yan án. Ó dára. Ẹ tọ́ ọ wò."

Àǹtí Bísí wò mí. Mo fẹ́ sọ nǹkan. Àjọkẹ́ ní, "Ẹ má bi wọ́n."

Àǹtí Bísí bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á sẹ́nu ní gbígbẹ. A gbọ́ ọ tó ń ró lẹ́nu rẹ̀, kàrà, kàrà. Ó bu òmíràn. Ó wá ní òun kò mọ̀ pé báyìí ni gàrí ṣe yẹ kó rí, pé èyí tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí ìyá òun ní ìlú òyìnbó nígbà tí òun wà ní kékeré, bí yanrìn ni. Èmi ọmọ orí yanrìn, mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ó fẹ́ dín iye tí òun máa rà kù. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kékeré, bóyá kí Àjọkẹ́ máa mú un wá nígbàkígbà tó bá rọrùn. Àjọkẹ́ wo aago rẹ̀, aago tó ti kú láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó wò ó bí ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè. Ó ní rárá, òun kò lè fi ohun tó dára dúró de ìgbà tó bá rọrùn. Gbogbo èyí tí wọ́n ń yan lónìí ni kó gbà, kó sì máa wá gbé e fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ àáró kọ̀ọ̀kan, ti Ìyá Èmùrè, ti àwọn tó kù, ọ̀kan náà ni gàrí wọn. Mo di etí àga mú. Ẹ̀rù tó bà mí lórí ọ̀kadà kò tó ìyẹn.

Àǹtí Bísí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú rẹ̀ ná títí òjò á fi dá. Lẹ́yìn náà a ó tún jókòó."

Ìyẹn ni wọ́n fi sí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó tó. Nígbà tí a jáde, Àjọkẹ́ fi ara ti ògiri, ó ní, "Bàbá Kékeré, ṣé èmi ni mo sọ gbogbo ìyẹn?" Mo ní òun ni. Ó sunkún díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àpáta náà wà lẹ́yìn wa. Mo ti kẹ̀yìn sí i tipẹ́ kí n tó rántí.

Ilé

Ìgbà tí mo ń bọ̀, Ìyá Èmùrè di gàrí fún mi, ó fi iṣu sí i, ó ní kí n kí àwọn ẹja. Àjọkẹ́ kúnlẹ̀, ó ní kí n sọ fún bàbá òun pé òun á wá kí wọn bí ọdún bá kù díẹ̀, bí àlejò ni òun á ṣe wá, kì í ṣe pẹ̀lú ẹrù.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sábẹ́ igi àgbọn rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo ọ̀nà. Ó ní, "Àjọkẹ́ dà?"

Mo ní ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

N kò tíì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń bẹ̀rù ojú rẹ̀. Mo tú gàrí náà, mo rẹ ẹ́ sínú omi tútù, mo gé àgbọn sí i, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó mu ún. Ó dúró. Ó tún mu ún. Ó bi mí pé, "Ta ló yan èyí?"

Ẹnu mi àtijọ́ ti ṣí. Ó ti fẹ́ sọ pé ọmọdé kan ni, pé kò fi bẹ́ẹ̀. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ọmọ yín ló yan án. Ó dára."

Ẹ̀gbọ́n mi wo inú àwo. Ó ní, "Ó gbìyànjú."

Mo ní, "Rárá. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí."

Ó jẹ àgbọn náà fún ìgbà pípẹ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá aládùúgbò kankan wà nítòsí tó lè gbọ́ ọ tó ń yin ọmọ ara rẹ̀. Kò sí ẹnì kan. Ó fi ohùn sísàlẹ̀ sọ ọ́.

"Ó dára."

Ó sì na àwo sí mi kí n bu sí i.